Ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà nínú ikùn wa

Ẹ̀yin ará wa ní Ekurede-Urhobo, ẹni tó bá ti pẹ́ ní Warri á ti mọ sítáàṣì jẹ, èyí táwọn Urhobo ń pè ní usi, pẹ̀lú ọbẹ̀ báńgà. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé òkèlè kan wọnú.

Itọ́ ẹnu ló kọ́kọ́ ń tú sítáàṣì, àmọ́ ta ló ń jẹ ẹ́ lẹ́nu? Gbígbé la ń gbé e mì! Ọ̀nà ọ̀fun á tì í sínú àpòlúkù, lápá òsì lókè ìdodo, níbi tí omi kíkan ti máa pò ó fún wákàtí bíi 2 sí 4. Ó di ìfun kékeré, tó gùn tó mítà 6. Níbẹ̀ ni òróòro tó wá látinú ẹ̀dọ̀ ti ń pín epo báńgà sí wẹ́wẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gba oúnjẹ. Ìfun ńlá, bíi mítà 1.5, ń fa omi tó kù.

Níbi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, ni apẹ́ńdíìsì rọ̀ sí, tín-ín-rín bí ìka kékeré. Bí inú bá ń run yín láyìíká ìdodo, tó wá sún síbẹ̀, tí èébì tàbí ibà tẹ̀ lé e, ẹ má kàn pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ má mu àgbo tàbí oògùn tó ń múni yàgbẹ́ o: apẹ́ńdíìsì tó ti wú lè bẹ́, kí ìdọ̀tí tú sínú ikùn, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹun lọ, torí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ.