Iṣẹ́ Ọ́fíìsì Tí Ẹ̀rọ Lè Bá Wa Ṣe

Ẹni tí ó bá ti jókòó rí ní ọ́fíìsì akọ̀wé mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ńlá ni ó ń jẹ àkókò. Fọ́ọ̀mù kan dé. A ó ka orúkọ inú rẹ̀, a ó dà á kọ sínú ìwé ńlá, a ó fi lẹ́tà dá ẹni tí ó kọ ọ́ lóhùn, a ó sì tún lọ sọ fún ọ̀gá pé ó ti dé. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin lórí bébà kan ṣoṣo. Bí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ bá tó 40 lọ́sẹ̀, ìgbésẹ̀ 160 nìyẹn.

Irú iṣẹ́ àṣetúnṣe yìí ni àwọn ohun èlò kan wà fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a ń pè ní low-code, nítorí pé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kóòdù lè fi wọ́n to iṣẹ́ jọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Forrester ní Amẹ́ríkà ni ó mú orúkọ náà wá ní 2014, ṣùgbọ́n ohun náà ti wà kí ó tó ní orúkọ: IFTTT bẹ̀rẹ̀ ní 2010, Zapier sì tẹ̀ lé e ní 2011. Microsoft gbé tirẹ̀ jáde ní 2016, ó pè é ní Flow. Láti oṣù kọkànlá 2019 ni ó ti ń jẹ́ Power Automate.

Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun kan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà wọlé, fọ́ọ̀mù dé, tàbí aago lu méje. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe, ní ẹsẹẹsẹ. Láàárín méjèèjì a lè fi “bí” sí i: bí owó tí a béèrè bá ju iye báyìí lọ, kí ìwé náà kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ akápò. Ọ̀nà tí Power Automate ń gbà tọrọ àṣẹ wúlò púpọ̀: ó ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ọ̀gá yóò tẹ bọ́tìnnì pé òun gbà tàbí òun kò gbà, iṣẹ́ yóò sì dúró dè é. Ṣùgbọ́n kò lè dúró ju 30 ọjọ́ lọ. Bí ọ̀gá bá rìnrìn àjò tí kò dáhùn, ìbéèrè náà kú nìyẹn, a ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé orí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tí ó ni ohun èlò náà ni iṣẹ́ ti ń lọ, kì í dúró bí iná ọba bá lọ ní ọ́fíìsì wa, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. A to iṣẹ́ kan pé ní aago méje àárọ̀, kí ẹ̀rọ wo inú tábìlì orúkọ, kí ó sì kí ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ náà. Oṣù mẹ́jọ ni ó fi ṣe é láìsí àbùkù, a sì ń yin ara wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé wá pẹ̀lú fóònù màmá rẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ wa ni ó wà lójú fóònù náà, tí ó ń kí màmá kú ọjọ́ ìbí, tí ó sì ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún wọn. Ó ní, “Ṣebí ẹ̀yin náà ni ẹ bá wa sin màmá?” A kò rí ọ̀rọ̀ sọ ju pé kí ó má bínú.

Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀. A ti kọ orúkọ màmá sínú ìwé ìsìnkú, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò fọwọ́ kan tábìlì ọjọ́ ìbí. Nígbà tí akọ̀wé ń fi ọwọ́ kọ káàdì, bí ó bá dé orí orúkọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yóò dúró. A ti rò pé iṣẹ́ ìkọ̀wé lásán ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò mọ̀ pé ìrántí wà nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, tábìlì náà ní òpó kan tí ó ń sọ bóyá ẹni náà ṣì wà, ẹni tí ó ń kọ ìwé ìsìnkú ni ó sì ń kún un. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, orúkọ ọ̀sẹ̀ náà a kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ akọ̀wé, kò sì sí èyí tí yóò jáde àyàfi bí ó bá tẹ bọ́tìnnì. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Àwọn kan ní èyí ti ba èrè ẹ̀rọ jẹ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Rìsíìtì, ìránnilétí ìpàdé, títọ́jú fáìlì tí ó bá lẹ́tà wọlé, ìwọ̀nyí lè máa lọ fúnra wọn. Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn kò gbọdọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ láé.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ètò náà. Lórúkọ ẹni tí ó to iṣẹ́ jọ ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí a sì ti àkáǹtì rẹ̀ pa, iṣẹ́ lè dáwọ́ dúró. Owó rẹ̀ pẹ̀lú kò sí lọ́wọ́ wa: ní oṣù kẹsàn-án 2020, IFTTT dín ètò tí ẹni tí kò sanwó lè tò kù sí mẹ́ta. Bákan náà, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti 2023 ka ìgbàgbọ́ àti ìlera ènìyàn sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi, nítorí náà kí a wo ohun tí a ń yọ̀ǹda kí a tó gba ohun èlò kan láyè láti máa ka àpótí lẹ́tà wa.

Ní tiwa, ẹni méjì ni a fi ṣe onílé ètò kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wọn, àti ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà bí a ti kọ ọ́ sórí bébà kí a tó dé ìdí kọ̀ǹpútà, wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà.