Ìtọ́jú Igbó Etí Òkun ní Gazi

Igi mángrófù ń hù nínú ẹrẹ̀ etí òkun. Ẹrẹ̀ náà ni ó pa kábọ́ọ̀nù púpọ̀ mọ́. Bí a bá pa igbó náà run, kábọ́ọ̀nù a padà sínú afẹ́fẹ́.

Ní Kenya, òfin igbó ọdún 2005 gba àwọn ará abúlé láyè láti bá ìjọba tọ́jú igbó. Láti ọdún 2013 ni àwọn ará Gazi ti ń ṣọ́ hẹ́kítà 117 lábẹ́ ètò Mikoko Pamoja. Owó kábọ́ọ̀nù tí igbó náà pa mọ́ ti pèsè omi àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n sì gbin igi mìíràn fún ìdáná àti ìkọ́lé.

Ọlọ́run fi ènìyàn sínú ọgbà láti máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òfin tí ó bá gbàgbé ẹni tí ń wá igi ìdáná, a mọ̀ pé kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀.