Ìjàpá Kì í Mumi

Ọkọ̀ Jámánì ni bàbá mi ń wà lọ́nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́: Volkswagen Beetle, tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí bẹ́líìtì fáánù bá já, ó tán nìyẹn, nítorí náà òmíràn kì í wọ́n lábẹ́ àga bàbá mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé Chevrolet onísílíńdà mẹ́jọ wá láti Amẹ́ríkà. Àga rẹ̀ fẹ̀ bí ibùsùn. Epo ńkọ́? Ẹ má dá mi lóhùn! Ní Ìtóìkín, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ pọn omi sí rédíétọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi Ìjàpá lọ.”

“Kí eegun mi lè ká?”

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Sítíárìn Chevrolet wà lósì, ó bá òfin tuntun mu wẹ́kú. Ti Ìjàpá wà lọ́tùn-ún. Bí bàbá mi bá fẹ́ ya lọ́rí kan sílẹ̀, èmi tí mo jókòó lósì ni mo ń yọjú wò ó fún wọn. Inú ẹ̀gbọ́n wọn dùn dé eyín.

Nígbà tó di 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen lójú ọ̀nà Àgbádárìgì níbí. Pààtì Ìjàpá wá sún mọ́lé. Ti Chevrolet ṣì ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, àwọn adìyẹ sì ti ń yé sínú Chevrolet náà.