Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ Kí Mọ́tò Tó Dé

Ẹni tí ó bá rò pé mọ́tò ni ó kọ́kọ́ fi ètò ìrìnnà kọ́ ilẹ̀ Yorùbá kò tíì fara balẹ̀ wo bí àwọn baba ńlá wa ṣe tẹ ìlú dó: ààfin ní àárín gbùngbùn, ọjà ọba níwájú ààfin, igi odán tí ó ṣíji bo ẹni tí oòrùn bá pa, àti àwọn òpópó tí wọ́n ti ibẹ̀ lọ sí ẹnu ibodè lára odi, tí ó fi jẹ́ pé àlejò tí ó bá san owó ẹyọ fún oníbodè kì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ibi tí yóò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí. Ẹlẹ́sẹ̀ ni a rò tí a fi ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí ẹṣin kì í pẹ́ láyé nínú igbó, orí ènìyàn ni ọrọ̀ sì ń gbà rìn.

Ọjà ọrọọrún náà kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Àwọn ìlú tí wọ́n múlé ti ara wọn kì í ná ọjà ní ọjọ́ kan náà, kí alájàpá lè ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó so àwọn ọjà náà pọ̀, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan ni èrò ń rìn lórí rẹ̀. Bí àràbà bá wó dí i, èrò á yà á, ọ̀nà á sì gba ibẹ̀ wọ́. Àwọn òyìnbó arìnrìnàjò ráhùn púpọ̀ nípa wíwọ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ru epo sórí kò mú àáké dání.

Ẹni tí ó bá ni ọ̀nà ni ó ni agbára. Àwọn Ìjẹ̀bú, ọmọ Alárè, mọ èyí dájú; wọ́n jókòó sí àárín Èkó àti ìlú òkè, wọn kò sì gbà kí ará òkè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé etí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ní 1872, nígbà tí Glover ń ṣàkóso Èkó, ìjọba rẹ̀ ṣí ọ̀nà Oǹdó, èyí tí ó gba orí ọ̀sà dé Ayésan, tí ó sì gba Oǹdó lọ sí òkè. Ọ̀nà tí wọ́n tìtorí òwò ṣí yìí kan náà ni ìbọn àti ẹ̀tù gbà dé ọwọ́ Èkìtì Parapọ̀ nígbà ogun Kírìjì tí wọ́n bá Ìbàdàn jà. Ní 1892 ni ìbọn òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, tí ọ̀nà wọn sì di ti gbogbo ayé.

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1906, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gba títì láti ibẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Títì náà fẹ̀, kò sì wọ́, ṣùgbọ́n ní tèmi, ti ọkọ̀ ni wọ́n rò, wọn kò ro ti alárùú. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni kò kẹ́yìn sí ọ̀nà àtijọ́. Àwọn òṣómàálò Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n sì ti ń fi ẹsẹ̀ kiri rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá di aṣọ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń gba ipa ẹsẹ̀ wọ abúlé lọ, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè ni ó kó wá sí etí títì.