Ojú Tí Ó Kọ́kọ́ Rí Dòjé Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ní òpin ọdún 1904, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó ń jẹ́ Walter Clement Noel wọ ilé ìwòsàn kan ní ìlú Chicago. Ọmọ erékùṣù Grenada ni. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín ni ó bá lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ń wúkọ́, ara rẹ̀ gbóná, àpá egbò sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ernest Irons, dókítà tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́, ni ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí dígí pẹlẹbẹ, ó fi maikirosíkóòpù wò ó. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ a máa rí roboto. Àwọn kan nínú ti Noel gùn, wọ́n sì tẹ̀ bí dòjé.

James Herrick, ọ̀gá Irons, náà wò ó títí. Nígbà tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1910, ó ṣàlàyé ohun tí ó rí, ó sì jẹ́wọ́ pé òun kò mọ ohun tí ó fà á. Lójú tèmi, ibi tí ìwé náà ti níyì jù nìyẹn: kò fi tipátipá sọ ọ́ lórúkọ àrùn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Noel kò sí nínú rẹ̀. Noel parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sí Grenada, ó ń tọ́jú eyín níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1916.

Àrùn náà kò kúkú bẹ̀rẹ̀ ní Chicago. Yorùbá ń pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣe lè wà ní bèbè ikú lónìí, kí ó sì dìde lọ́la. Ó ṣeé ṣe kí ó wà lára ohun tí ó ń pa àwọn ọmọ kan tí a pè ní àbíkú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibà àti igbóná pa púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú.

Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi iná mànàmáná dán hemoglobin wò, èyíinì ni èròjà tí ó ń gbé atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀. Ti aláìsàn kò rìn bí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ní ọdún 1956, Vernon Ingram ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ìdí rẹ̀. Bí a bá ka hemoglobin sí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀ lórí okùn náà. Ẹyọ kan péré!

Ní Cambridge yìí kan náà, ní ọdún 2025, àwọn olùwádìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ọgbọ́n àtọwọ́dá kan jáde tí wọ́n pè ní CytoDiffusion. Wọ́n fi àwòrán sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù láti ilé ìwòsàn Addenbrooke's kọ́ ọ. Ẹni tí ó jókòó ti maikirosíkóòpù láti àárọ̀, ojú rẹ̀ yóò rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú ẹ̀rọ kì í rẹ̀. Ohun tí ó wù mí jù ni pé ó lè fi hàn nígbà tí ohun tí ó ń wò kò bá dá a lójú, gẹ́gẹ́ bí Herrick ti ṣe.

Síbẹ̀, ohun tí wọ́n bá fi han ẹ̀rọ ni ó mọ̀. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tí ó ní àrùn yìí jù lọ ní àgbáyé. Bí aró tí wọ́n fi kun ẹ̀jẹ̀ níbí bá yàtọ̀, tàbí kí kòkòrò ibà wà nínú rẹ̀, àwòrán náà kì í ṣe irú èyí tí ó fi kọ́ṣẹ́ mọ́.

Ibì kan tún wà tí ojú kò lè dé. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó jẹ́ AS a máa rí roboto lórí dígí bíi ti AA. Ẹ̀rọ tí ń wo ìrísí sẹ́ẹ̀lì kò lè fi ìyẹn nìkan yà wọ́n sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò oníná mànàmáná, irú èyí tí Pauling lò, ni àwọn àfẹ́sọ́nà ṣì ń lọ ṣe ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó.