Níbo Ni Omi Ìdọ̀tí Ìlárá Ń Gbà Lọ?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí ń rùn díẹ̀, ẹ má bínú. Tí èèyàn bá wẹ̀ tán ní Ìlárá Rẹ́mọ, tó fọṣọ, tó tún lọ sí ilé ìgbẹ́, níbo ni omi yẹn ń gbà lọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí Èkó. Nígbà ìjọba òyìnbó, agbépóò ló ń kó ìgbẹ́ ìlú. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́: wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n á fa garawa yọ lábẹ́ ìjókòó, wọ́n á gbé e rù. Àwọn ọmọdé ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ tí agbépóò ò bá wá fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀. Lójú tiwa, Èkó ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tó.

Lọ́dún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó. Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé wà lára àwọn tó gbógun tì í, òun náà ló sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọléwọlé níṣẹ́. (Olúwọlé ń kọ́ wọléwọlé: àbí ẹ ò rí i pé orúkọ ń roni?) Wọléwọlé ò mọ sí Èkó o. Wọ́n á dé ìletò, wọ́n á yọjú sínú àmù bóyá tanwíji wà ńbẹ̀, wọ́n á wo kànga, wọ́n á wo ṣáláńgá. Ẹni tí ilé ẹ̀ bá dọ̀tí á fojú ba kóòtù.

Ṣáláńgá ò gba omi púpọ̀. Nígbà tí ilé ìgbẹ́ olómi dé, sókàwéè gba ipò ẹ̀. Ará Faransé kan, Jean-Louis Mouras, ló gba ìwé àṣẹ irú ihò bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1881. Ohun tó wúwo á rọ̀ sísàlẹ̀ ihò àkọ́kọ́, kòkòrò àìfojúrí tí kò nílò afẹ́fẹ́ á máa jẹ ẹ́; omi á ṣàn bọ́ sínú ihò kejì, ilẹ̀ á fà á mu. Omi yẹn ò tíì mọ́ o! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí nǹkan bíi mítà 30 wà láàárín sókàwéè àti kànga. Wàyí o, púlọ́ọ̀tì kan sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn bíi mítà 18 sí 36. Kódà tí bíríkìlà bá fi tiyín sí igun kan, kànga sí igun kejì, sókàwéè aládùúgbò ń bẹ lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ibẹ̀ ni onígbáméjì ti ń rọ́nà wọlé.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Festac Town, tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún 1977, páìpù abẹ́ ilẹ̀ ló ń kó omi ìdọ̀tí lọ síbi kan náà. Tí Yunifásítì Ifẹ̀ ló wù wá jù. Adágún ni wọ́n gbẹ́ fún omi ìdọ̀tí ọgbà: oòrùn, èéhọ̀n àti kòkòrò ló ń ṣiṣẹ́ ńbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni wá NEPA. Lọ́dún 1987 ni wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, pe yunifásítì náà. Ìlú kékeré tó nílẹ̀ lè gbẹ́ irú adágún yìí. Páìpù tó máa kó omi débẹ̀ ló máa gbówó.

Ta ló yẹ kó sanwó ẹ̀? Ìwé òfin 1999 ti dáhùn: nínú àfikún kẹrin, ilé ìgbẹ́ gbogboògbò, omi ìgbẹ́ àti kíkó ìdọ̀tí wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ti Ìlárá ni Àríwá Rẹ́mọ, Ìsarà sì ni olú-ìlú ẹ̀. Ní July 11, 2024, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kí gómìnà má dì í mú mọ́.