Ìdánwò àti Olùkọ́: Láti Ayé Amúnisìn Títí Dòní

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, yálà l'Óde-Ìrèlè nílẹ̀ Ìkálẹ̀ tàbí ní ìlú mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èsì ìdánwò WAEC ni ará ìlú fi ń mọ olùkọ́ tó mọṣẹ́. Bí àwọn ọmọ bá yege, a ó yìn ín. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, òun la ó dá lẹ́bi. Àṣà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1882 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èkó ní tirẹ̀ ní 1887. Lábẹ́ àwọn òfin wọ̀nyí, apá kan owó ìrànwọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ń gbà dúró lórí bí àwọn ọmọ bá ṣe ṣe sí níwájú aṣàyẹ̀wò ìjọba. Láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú ètò yìí wá, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1862. Wọ́n pa á tì níbẹ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí, nítorí olùkọ́ tí oúnjẹ rẹ̀ so mọ́ ìdánwò kì í fẹ́ kọ́ ọmọ ní ohun tí ìdánwò kò ní béèrè. Nígbà tó yá, ìjọba amúnisìn náà jáwọ́ nínú ètò yẹn nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n èrò tó bí i kò kú.

Sàtífíkéètì ló gba ipò owó ìrànwọ́. Ìwé mẹ́fà ni ọ̀nà sí iṣẹ́ tíṣà àti akọ̀wé. Àwọn tó lọ girama ń ṣe ìdánwò Cambridge, kí WAEC tó dé ní 1952. Ní oṣù kìíní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kó ọmọ àgbẹ̀ rẹpẹtẹ wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama kò kárí wọn; ìdánwò ló ń yan ẹni tí yóò wọlé. Lónìí, fásitì ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn, yàtọ̀ sí ìdánwò àjọ JAMB tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì. Ó yẹ kí ọmọ fi pìpẹ́ẹ̀tì fa omi, kó ṣí bùrẹ́ẹ̀tì, kó máa wo bí àwọ̀ ṣe ń yí padà, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dá a dúró. Níbi tí kò bá sí ohun èlò, olùkọ́ á yà wọ́n sójú pátákó, ọmọ á sì há iye tó yẹ kó kọ sórí. Ó lè rí máàkì, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò kan bùrẹ́ẹ̀tì rí. Inú irú àìní yìí ni ẹ́kísípò, ìyẹn màgòmágó ìdánwò, ti ń rí àyè. Ìjọba ológun fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 halẹ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe é ní 1984. Òfin 1999 dín ìjìyà náà kù. Ìwà náà kò tán, torí ohun tó ń fà á ṣì wà nílẹ̀.

Àwọn kan á ní ìdánwò ló jẹ́ kí ọmọ àgbẹ̀ Òde-Ìrèlè lè bá ọmọ olówó Èkó du ipò kan náà: ìbéèrè kan náà ni, ẹni tó ń máàkì kò sì mọ bàbá wọn. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká pa ìdánwò rẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́ńgò kì í sọ gàrí di púpọ̀. Ó kàn ń sọ iye tó wà ni. Àwọn mìíràn á ní ìgbéléwọ̀n àtìgbàdégbà, tó wà nínú ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè láti 1977, ti yanjú rẹ̀. Ó yẹ kó yanjú rẹ̀, àmọ́ olùkọ́ tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ kò ráyè wo àṣìṣe ẹnìkọ̀ọ̀kan. Máàkì nìkan ló ń kọ sínú ìwé.

Nítorí náà, nígbà tí èsì bá jáde, ẹ̀yin òbí àti ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye olùkọ́ tó wà àti ohun tó wà nínú yàrá kẹ́mísírì, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.